Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Fẹlá ṣáko kúrò nílé bàbá ẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú bí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà wa. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ níbi ìnáwó, pàápàá bí ẹni tó ń gbé orin sí i bá ṣèèṣì gbé ti Fẹlá sí i. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ àlùfáà o! Ọmọ tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí ìyá ẹ̀ kàwé dé ìlú òyìnbó! Ibi tó já sí nìyẹn, pátá ló ń wọ̀ kiri, igbó ló ń mu." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sá fún ilé tí wọ́n bí i sí, pé ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ló da ẹ̀kọ́ ilé nù sí kó tó wọ Èkó.

Èmi ò gbà. Mo ti gbọ́ orin ọkùnrin yìí títí, mo sì ti ka ohun tí òun fúnra ẹ̀ àti àwọn ẹlòmíì sọ nípa ìgbà èwe ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ò jọ ohun tí wọ́n ń wí yẹn rárá. Fẹlá ò sá kúrò nílé kankan. Ó gbé ilé ọ̀hún dání ni, tòun ti píyánò inú ẹ̀, tòun ti ariwo àwọn obìnrin ọjà, tòun ti pankẹ́rẹ́ bàbá ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ sì ti le nìyẹn, torí kì í ṣe ohun tó dáa nìkan ló wà nínú ẹrù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ bàbá-bàbá ẹ̀ bọ̀. Josiah Jesse Ransome-Kútì lorúkọ tiẹ̀, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, 1855 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1930. Àlùfáà olórin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ohùn orin tí àwọn èèyàn ẹ̀ mọ̀, ohùn Yorùbá pọ́ńbélé, gbé ọ̀rọ̀ Bíbélì, dípò kí wọ́n kàn máa ṣẹ́ ohùn òyìnbó sí méjì lójú Olúwa. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, bàbá yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin tó lé ní 40 sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ẹ gbọ́ o, ká tó bí Fẹlá ni mò ń sọ! Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, 1938 ni wọ́n bí Fẹlá. Orúkọ ìdílé ẹ̀ ti wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù kóun tó wá sáyé. Orin ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí wọ́n ń kọ títí dòní, ìdílé Kútì yẹn náà ló ti jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé orin kíkọ ló ba ọmọ yẹn jẹ́, kó rọra. Orin niṣẹ́ ilé wọn. Mo sì rò pé iṣẹ́ tí bàbá-bàbá yẹn ṣe ni ọmọ-ọmọ náà padà wá ṣe: kéèyàn mú ohun tó ti òkè òkun wá, kó mú ìlù àti ohùn ilé fi gbé e. Ti bàbá àgbà, orin ìsìn ni. Ti ọmọ-ọmọ, jáàsì ni.

Bàbá tó bí Fẹlá gan-an, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí wọ́n ń pè ní Dáódù, òun ni ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ọkùnrin tó ń bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ nípa owó oṣù àti ẹ̀tọ́ tíṣà ni, àmọ́ bó bá ti délé, ọ̀gá ilé-ìwé náà ni. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa ẹ̀, tó jáde ní 1982, Fẹlá sọ ọ́ pé ẹgba tí òun jẹ nílé yẹn kúrò ní kékeré. Bàbá ń nà án, ìyá náà ń nà án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ tíṣà nínú yín, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ bó ṣe ń rí kí bàbá ẹni tún jẹ́ ọ̀gá ẹni níléèwé: ẹ̀ṣẹ̀ tó bá dá ní kíláàsì á bá a délé, ti ilé á sì tẹ̀ lé e lọ sí kíláàsì. Kò síbi sísá sí.

Ṣùgbọ́n nínú ilé kan náà ni píyánò wà. Kékeré ni Fẹlá ti mọ̀ ọ́n tẹ̀, kékeré ló ti ń darí àwọn akọrin ilé-ìwé. Ẹgba àti orin, ibì kan náà ló ti bá méjèèjì pàdé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbàgbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Àwa tá à ń gbọ́ orin ẹ̀ rò pé inú igbó lorin yẹn ti ń jáde, pé wọ́n kàn jókòó, wọ́n mu ún, wọ́n ń fun fèrè kiri. Irọ́ ni o. Fẹlá ló ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fun, tó máa ta, tó máa lù. Ó máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn lórí píyánò, wọ́n á sì máa gbá a títí tí yóò fi bá ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ mu. Tony Allen, ọmọ Èkó tó ń lu dúrọ́ọ̀mù fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2020, òun nìkan ló sọ pé Fẹlá fi òun sílẹ̀ kóun máa ronú ìlù òun fúnra òun. Àwọn yòókù, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe ni. Orin tó ń gba ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù tán, ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí èèyàn ogún sì ń lù ú láìsí ẹni tó ṣì í, ẹ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá ilé-ìwé ló wà lórí ìtàgé yẹn. Ó kàn bọ́ṣọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ìyá, torí ọ̀dọ̀ ìyá ni ọ̀rọ̀ wà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa níléèwé. Ẹ dákun, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ ná. Mọ́tò kọ́ ló lé ọba kúrò lórí oyè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà ayé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀. Òyìnbó ló wà nídìí ẹ̀, orúkọ ọba ni wọ́n fi ń gbà á. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin, ó di ọdún 16. Bí àwọn tó ń gba owó bá rí ọmọdébìnrin tí wọn ò mọ ọjọ́ orí ẹ̀, wọ́n lè tú u sí ìhòòhò láti wo àyà ẹ̀ bóyá ó ti tó san. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì àti oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn aláròóbọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá Fẹlá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ tí wọ́n sì ń jíròrò bí àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, ẹgbẹ́ ọ̀hún di nǹkan mìíràn. Nígbà tó fi máa di 1946, ó ti di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó 20,000.

Wọ́n kọ̀wé sí òyìnbó, kò gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí ọba, kò gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ìwé owó ìlú wò, wọn ò dá wọn lóhùn. Ni oṣù kọkànlá 1947 bá dé. Àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 tú jáde, ó di ẹnu géètì ààfin Aké. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sun ibẹ̀, wọ́n mọ́jú níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá bá ní àwọn ò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de, Béèrè, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá Fẹlá, á ní ta ní ń wọ́de, píkíníìkì làwọn ń lọ ṣe. Ẹ ò rí ọgbọ́n ìyá!

Kí ni wọ́n wá ń ṣe lẹ́nu géètì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Orin ni. Orin èébú. Wọ́n bú ọba, wọ́n bú àwọn ìjòyè, wọ́n bú ajẹ́lẹ̀. Wọ́n bú wọn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ń jó o. Bí obìnrin kan bá dá orin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á gbè é. Mi ò ní sọ pé orin nìkan ló ṣe é, torí wọ́n kọ̀wé, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀ wọn ò san owó. Ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi ń kó ara wọn jọ. Ní 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, Aláké sì kó kúrò láàfin, ó gba Òṣogbo lọ. Nígbà tí 1949 wọlé, ó kọ̀wé fi oyè sílẹ̀, 1950 ló tó padà dé.

Ọmọ ọdún 9 ni Fẹlá nígbà tí wọ́n kó lọ sẹ́nu géètì yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ìtàn ẹ̀ fún un. Ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, inú mọ́tò ìyá ẹ̀ lòun náà máa ń wà nígbà mìíràn tí ìyá bá ń lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn, tó sì fi ọdún mẹ́rin ju Fẹlá lọ, kọ nípa ìjà yẹn nínú ìwé Aké, ó sì sọ bí òun náà, ọmọdé bíńtín, ṣe ń kọ́ àwọn obìnrin yẹn ní A-B-D. Ilé tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá sọ fún mi, kí lẹ rò pé ọmọ tó bá fojú rí irú ẹ̀ máa fi orin ṣe tó bá dàgbà?

Síbẹ̀ (ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí), kò tètè fi ṣe nǹkan kan. Ní 1958, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Bàbá ẹ̀ ti kú ní 1955, ìyá ló rán an. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Olíkóyè ṣe dókítà, àbúrò ẹ̀ Békò náà ṣe dókítà. Fẹlá débẹ̀, ó gba Trinity College of Music lọ. Ó padà sílé, ó ń lu háíláìfù pẹ̀lú jáàsì nínú ẹgbẹ́ tó pè ní Koola Lobitos, àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Orin ìfẹ́, orin fàájì. Ìyá ẹ̀ tiẹ̀ sọ fún un nígbà kan pé kó lu orin tí yóò yé àwọn èèyàn ẹ̀, kó fi jáàsì yẹn sílẹ̀. Kò gbọ́.

Ní 1969, òun àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles, ó bá obìnrin aláwọ̀ dúdú kan pàdé, Sandra Smith, tí wọ́n wá mọ̀ sí Sandra Izsadore. Obìnrin yìí bi í pé kí ló ń kọ lórin nínú èdè ẹ̀ yẹn. Fẹlá ní ọbẹ̀ lòun ń kọ nípa ẹ̀. Ọbẹ̀! Ọmọ Béèrè! Sandra gbé ìwé ìtàn ayé Malcolm X fún un, ó sọ ìjà àwọn dúdú Amẹ́ríkà fún un, ojú ọkùnrin náà là.

Àwọn kan máa ń sọ pé Sandra ló sọ Fẹlá di Fẹlá. Sandra ṣe tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ò lè mú igi tútù. Ọ̀pọ̀ olórin wa ló ti lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ra fìlà, tí wọ́n ra bàtà, tí wọ́n padà wá. Ohun tí Sandra ṣá igi sí ti gbẹ sílẹ̀ láti 1947.

Ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tó dé. Ó fi òyìnbó tó gún régé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní pijin, kí alágbàṣe ní Mushin, Hausa ní Agége, àti Íbò ní Ọjà Aláàbà lè gbọ́ ọ láìbi ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Obìnrin tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, bó ṣe padà di ìyá ìjà, ó bọ́ kaba sílẹ̀, ìró àti bùbá nìkan ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ níwájú ajẹ́lẹ̀ kí àwọn obìnrin ọjà lè mọ ohun tó ń lọ. Ajẹ́lẹ̀ ni yóò wá ògbufọ̀! Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó tún ju ìyẹn lọ fún ẹni tó fẹ́ kọrin fún ìlú.

Yabis ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí, tẹ́ ẹ lọ sí Shrine nígbà náà, ẹ mọ bó ṣe máa ń dá orin dúró láàárín, tí yóò máa bú ìjọba ní orúkọ, tí yóò máa fi wọ́n ṣẹ̀sín, tí gbogbo ilé á sì máa dá a lóhùn. Àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn òyìnbó máa ń wò ó bíi nǹkan tuntun tí ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀. Ẹ bi àwọn ìyá wa l'Abẹ́òkúta. Orin èébú ẹnu géètì ni, ó kàn ní fèrè nínú ni.

Ó wá kù díẹ̀ kí n dé ibi tí ò dùn mọ́ mi.

Fẹlá sọ ilé tó ń gbé ní 14A, Agége Motor Road, di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, Kalakuta Republic. Ẹ máa rò pé ibi tí kálukú ti ń ṣe tinú ẹ̀ ni. Rárá o. Òfin wà, ìjìyà wà, yàrá tí wọ́n ń ti ẹni tó bá ṣẹ̀ mọ́ gan-an wà. Nínú ìwé Carlos Moore yẹn náà, àwọn ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìgbátí tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin tó kọrin bú ṣọ́jà torí pé wọ́n ń na èèyàn, tí kò dákẹ́ ẹnu lórí ẹgba tí bàbá ẹ̀ nà án, òun náà gbọ́wọ́ sókè. Pankẹ́rẹ́ Grammar School bá a dé Èkó, gẹ́gẹ́ bí píyánò náà ṣe bá a débẹ̀.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti obìnrin. Ìyá tó bí i fi ayé ẹ̀ jà pé kí obìnrin lẹ́nu láàrin ìlú, kó dìbò, kó má ṣe san owó tí kò rí ìdí ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ kọ orin "Lady" ní 1972, tó fi ń pẹ̀gàn obìnrin tó bá ní òun àti ọkùnrin dọ́gba. Bàbá tó bí i, ìyàwó kan ló ní títí tó fi kú. Ní oṣù kejì 1978, Fẹlá gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí Rẹ̀mí tó ti fẹ́ láti 1961. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ máa sọ. Wọ́n á ní àwọn obìnrin yẹn ló ń jó tí wọ́n ń kọrin fún un, pé ìlú ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó, ṣọ́jà ti fìyà jẹ wọ́n nítorí ẹ̀, ó fẹ́ fi orúkọ bò wọ́n ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo tún máa ń bi ara mi pé nínú gbogbo ohun tí ọmọ yẹn rí nínú mọ́tò ìyá ẹ̀, báwo ló ṣe jẹ́ pé orin ló kó, èébú ló kó, ìgboyà ló kó, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń kọrin gan-an ló fi sílẹ̀?

Ẹ kúkú mọ bí ti ṣọ́jà ṣe jẹ́. Ó ti kọ "Zombie" ní 1976, ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977, ṣọ́jà tí wọ́n ní wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan ya wọ Kalakuta. Wọ́n na ọkùnrin, wọ́n fìyà jẹ obìnrin, wọ́n dáná sun ilé. Wọ́n ju ìyá arúgbó ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbìmọ̀ ìwádìí, wọ́n ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é. Oṣù kẹrin 1978 ni ìyá kú, kò tún gbádùn mọ́ títí tó fi lọ.

Kí ni Fẹlá ṣe? Nígbà tí ìjọba ṣọ́jà ń gbé àṣẹ sílẹ̀ ní 1979, ó gbé pósí, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀, ó di ẹnu géètì Dodan Barracks níbi tí olórí ìjọba ń gbé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wà lórí àlééfà lọ́jọ́ náà, Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta lòun náà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n kó èrò lọ sẹ́nu géètì aláṣẹ, pé wọ́n kọrin, pé wọ́n kọ̀ wọn ò kúrò? Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ló wà láàárín Aké àti Dodan Barracks. Ọmọ Béèrè lọ ṣe fún Béèrè ohun tí Béèrè kọ́ ọ. Ó wá fi ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù méjì.

Láyé òde òní, àwọn ọmọ olórin wa pọ̀ tí wọ́n ń yá fèrè Fẹlá, tí wọ́n ń yá pijin ẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ra sílẹ̀ bíi tiẹ̀. Kò burú, ìlú ló ni ín. Burna Boy tó ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn, ẹ má yà á lẹ́nu, Benson Idonije tó jẹ́ máníjà Fẹlá àkọ́kọ́ ni bàbá ìyá ẹ̀. Inú ilé lòun náà ti gbọ́ ọ. Àwọn yòókù rò pé ẹnu kíkan nìkan lọ̀rọ̀ ọ̀hún. Wọ́n á kọ orin kan bú ìjọba lónìí, lọ́la wọ́n á lọ bá ìjọba kan náà jẹun. Ẹ má bá wọn wí jù. Kò sẹ́ni tó gbé wọn sínú mọ́tò lọ sẹ́nu géètì lọ́mọ ọdún 9.

Àwọn ọmọ ẹ̀ wá ńkọ́? Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé yìí ò ka ilé-ìwé sí fún àwọn ọmọ tiẹ̀. Fẹ́mi, tí wọ́n bí ní 1962, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bàbá òun ò fi òun síbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin, pé òun fúnra òun lòun jókòó ti sasofóònù títí tó fi dún. Èmi rò pé ẹgba àtijọ́ ló ń bẹ̀rù; ó ti jẹ tiẹ̀ yó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi orin na ọmọ òun. Ìyà ẹ̀ jẹ Fẹ́mi, Fẹ́mi sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Bùhárí sì ti Fẹlá mọ́lé ní 1984, Fẹ́mi yìí náà ló ń darí ẹgbẹ́ dè é. Ṣeun, àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, 1997, òun ló sì gba ẹgbẹ́ bàbá ẹ̀, Egypt 80. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ orin ní Liverpool.

Fẹ́mi wá bí Mádé. Ó kọ́ ọ ní fèrè láti kékeré, ó fi ohun èlò orin oríṣiríṣi sí i lọ́wọ́. Nínú àwo tí Mádé gbé jáde ní 2021, òun nìkan ló lu gbogbo ohun tó ń dún níbẹ̀. Ilé-ìwé tí Fẹ́mi rán an lọ láti lọ kọ́ orin ni Trinity ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí bàbá-bàbá ẹ̀ yà sí ní 1958 nígbà tí wọ́n ń dúró dè é l'Abẹ́òkúta pé yóò ṣe dókítà bọ̀.